Iyùn mi ti kún táǹkì: ta ni kí n ta èbù rẹ̀ fún, èló sì ni?

Ọlọ́miIyọ̀_Adó · Ọjọ́rú, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Adó-Èkìtì ni mo wà, ní Bàsírì. Láti ọdún 2021 ni mo ti ń sin iyùn nínú táǹkì omi iyọ̀ tó gba lítà 240. Kí n tètè sọ ọ́: kì í ṣe iyùn tí ìyàwó ń so mọ́ ọrùn ni mo ń wí. Iyùn ààyè ni, èyí tó ṣì ń jẹun, tó ń yọ ìka jáde lọ́sàn-án, tó sì ń kó wọn mọ́ra lálẹ́.

Ó ti wá pọ̀ ju ilé rẹ̀ lọ. Green star polyps, tí èmi ń pè ní koríko, ti gun gíláàsì ẹ̀yìn dókè. Olú, iyùn tó rí bí olú inú igbó, mẹ́ta ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kà wọ́n lánàá, wọ́n ti di mọ́kàndínlógójì. Zoa, iyùn tó ń yọ orí kéékèèké bí òdòdó, ń bá koríko du òkúta. Xenia, tí mo sọ ní apàtẹ́wọ́ nítorí pé kò sí ìgbà tí kì í ṣí ọwọ́ pa ọwọ́ dé, ti ń hù lára páìpù. Èmi náà wá ń gé wọn bí bàbá mi ṣe ń gé èbù iṣu ní Ìlawẹ́, mo ń fi súpà gúlù lẹ̀ wọ́n mọ́ òkúta wẹ́wẹ́. Èbù 26 ló tò sórí pẹpẹ nínú táǹkì báyìí, àyè kò sí mọ́.

N kò fẹ́ di oníṣòwò, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Àmọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì iyọ̀ tí mo rà lóṣù tó kọjá, ìyàwó mi ò tíì dárí ẹ̀ jì mí. Bí àwọn èbù yìí bá lè máa san owó iyọ̀, ó tó mi. Èló ni kí n pè wọ́n? Ta ni kí n tà wọ́n fún? Kí ló yẹ kí n ṣọ́ra fún kí n tó ta èyí àkọ́kọ́?

ỌmọÌjerò · Ọjọ́rú, 9:31 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó mi sí wàhálà o. Mo rí "iyùn", mo rí "èló", mo ti pe àbúrò mi tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù méjì. Mo ní kó má lọ Ọjà Ọba mọ́, pé mo ti rí ẹni tó fẹ́ kó tirẹ̀ dànù. Ọmọ náà ṣì ń dúró de fọ́tò báyìí.

Ìbéèrè gidi: ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?

Ọlọ́miIyọ̀_Adó · Ọjọ́rú, 9:40 alẹ́

Wọn kì í jẹ ẹ́, àbúrò. Òun ló ń jẹ owó.

Ìyá_Ìbejì_Òkèyinmi · Ọjọ́rú, 10:02 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ní guppy nínú táǹkì kékeré kan ní pálọ̀, àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ṣé mo lè ra olú yẹn sí i? Ewéko ni àbí kí ni?

Ọlọ́miIyọ̀_Adó · Ọjọ́rú, 10:20 alẹ́

Ẹ ṣé, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á sí táǹkì yẹn. Omi iyọ̀ ni tirẹ̀, omi lásán ni ti guppy yín. Kò ní lò ó tó ọjọ́ kan kó tó kú. Ojú ló fi jọ ewéko, ẹran ni. Ẹnu wà fún un, inú wà fún un. Ohun tó fi ń ṣe bí ewéko ni pé àwọn ewédò kan tí ojú kò lè rí ń gbé nínú awọ ara rẹ̀. Àwọn yẹn ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, wọ́n sì ń fún onílé jẹ nínú rẹ̀. Ìdí tí iná orí táǹkì wa fi ní láti le nìyẹn, tó sì máa ń jẹ́ búlúù.

Nípa iná búlúù yẹn: aládùúgbò mi kan rí i láti ojú fèrèsé lóru, ó bi ìyàwó mi bóyá Olókun la ń bọ. Ìyàwó mi ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ó sì ti gba gbogbo owó ọwọ́ wa.

BàbáẸmùré · Ọjọ́bọ̀, 6:05 àárọ̀

Ọlọ́mi, o káre. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń sin nǹkan yìí, láti ìlú òyìnbó kí n tó kó wálé sí Ẹmùré. Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Zoa tí o ń gé yẹn, ṣé o ń wọ ìbọ̀wọ́? Ṣé o ń fi awò bo ojú? Òun àti ìbátan rẹ̀ palythoa lè ní májèlé kan nínú tí wọ́n ń pè ní palytoxin, ó wà lára èyí tó le jù lọ tí ohun abẹ̀mí ń pèsè. Omi ara rẹ̀ lè ta sí ọ lójú nígbà tí abẹ bá wọ̀ ọ́. Èyí tó burú jù ni kí ènìyàn fi omi gbígbóná fọ òkúta tí zoa wà lára rẹ̀, tàbí kó sè é kó lè mọ́. Ooru omi gbígbóná yẹn ti gbé odindi ìdílé dé ilé ìwòsàn lókè òkun. Gbogbo ẹni tó bá ra zoa lọ́wọ́ rẹ, sọ ìyẹn fún un kó tó san kọ́bọ̀, pàápàá bí ọmọdé bá wà nílé rẹ̀.

Ìkejì, èbù àná kì í ṣe ọjà. Ìwọ tí o gé èbù iṣu rí, ṣé o rántí eérú? A máa ń fi ra ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà, a sì ń jẹ́ kó gbẹ kó tó wọ ebè. Iyùn náà ń fẹ́ kí ojú ọgbẹ́ jiná. Àwọn tó rọ̀, fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Wo ìdí rẹ̀: bó bá ti ń fẹsẹ̀ rìn kúrò lórí gúlù, tó ń gun òkúta tí o lẹ̀ ẹ́ mọ́, ó ti ṣe tán. Èyí tó ṣì ń ká jọ, fi sílẹ̀.

O ní súpà gúlù ni o fi lẹ̀ wọ́n. Ti olú ńkọ́? Olú kì í gba gúlù, ara rẹ̀ ń yọ̀ jù. Yóò tu, omi yóò gbé e lọ há sí ẹnu pọ́ǹpù. Gé e sí mẹ́rin, kó o sínú ike tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nídìí rẹ̀, fi àwọ̀n bo ẹnu ike náà, gbé e síbi tí omi kò ti le. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì yóò ti di òkúta mú fúnra rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì di odindi.

Ìkẹta ni aiptasia, ẹran omi kan tó ń gbilẹ̀ bí èpò, tó sì ń ta iyùn. Ó jọ igi ọ̀pẹ kékeré tó dúró lójú òkúta. Bí o bá gé e, èyí tó bá ṣẹ́kù tún ń hù. Bó bá wà nínú táǹkì rẹ, jẹ́wọ́. Mo fún ọ̀rẹ́ mi kan ní iyùn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, aiptasia bá iyùn náà lọ sílé rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni a kò fi kí ara wa.

Ó wá ku owó. Má ka ohun tí o ti ná sórí táǹkì mọ́ ọn, nítorí bí o bá kà á, koríko kan yóò wọ́n ju ewúrẹ́ lọ. Wo bó ṣe ń yára hù. Koríko àti apàtẹ́wọ́ ń hù bí èpò, owó pọ́ọ́kú ni tiwọn. Zoa, orí ni à ń kà. Bí o bá ní iyùn olókùúta, èyí tí egungun rẹ̀ le bí òkúta, bíi duncan, tó ń pẹ́ kó tó yọ orí kan, ìyẹn lè wọ́n, ẹ̀rí ọkàn rẹ kò ní dá ọ lẹ́bi.

Ọlọ́miIyọ̀_Adó · Ọjọ́bọ̀, 7:48 àárọ̀

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ìbọ̀wọ́ ni mò ń wọ̀, n kì í lo awò. Mo máa rà á lónìí. Aiptasia méjì wà lábẹ́ òkúta ńlá, mo mọ ibi tí wọ́n wà, n kò tíì rí i lórí pẹpẹ èbù. Nínú 26 yẹn, 11 ni mo gé lọ́sẹ̀ yìí, n ó mú wọn kúrò nínú ọjà. Mo ní duncan lóòótọ́, orí méje, àti montipora kékeré kan.

Mo rò ó pé kí n ta zoa orí márùn-ún ní ₦4,000.

Oníṣọ́ọ̀bùẸja_Àkúrẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 1:15 ọ̀sán

Mo ti ń ka èyí láti àná, mo ní kí n dákẹ́, ẹnu ń yún mi. ₦4,000! Ẹ̀yin tí owó oṣù ń wọlé fún, ẹ ó ta á ní mẹ́rin, ẹ ó ní ìfẹ́ iyùn ló ń ṣe yín. Èmi ń san owó ṣọ́ọ̀bù. Mò ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́. Ọjà tí mo gbé wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ìdajì rẹ̀ ló kú sínú páálí kí n tó gbà á. Bí mo bá wá pe zoa orí márùn-ún ní ₦12,000, oníbàárà á yọ fóònù, á ní ẹnì kan ń tà á ní mẹ́rin ní Adó, pé olè ni mí.

Lọ́jọ́ tó bá sú yín, ẹ ó ta táǹkì, ẹ ó fi gíláàsì rẹ̀ ṣe àpótí búrẹ́dì. Èmi á sì ti kógbá sílé. Ta ni yóò máa ta iyọ̀ fún àwọn tó kù?

TíṣàÌkọ̀lé · Ọjọ́bọ̀, 4:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n Àkúrẹ́, ẹ má bínú, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo ra iyùn mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù kan rí, kì í ṣe tiyín, méjì kú kí oṣù tó parí. Mo gba mẹ́rin lọ́wọ́ Bàbá Ẹmùré, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà. Èyí tó wá láti Indonéṣíà ti wọ bàlúù, ó ti sùn sínú ọ̀rá lọ́jọ́ méjì mẹ́ta, ó ti yí omi bóyá lẹ́ẹ̀mẹrin. Èyí tí wọ́n hù ní Bàsírì kò mọ ibòmíràn. Ó tilẹ̀ ti mọ́ ọn lára kí iná lọ kó tún dé. Nítorí náà n kò rò pé ó yẹ kó pọ́ọ́kú. Bó ṣe lágbára ju ti páálí lọ yẹn tó nǹkan tí ènìyàn lè sanwó fún.

BàbáẸmùré · Ọjọ́bọ̀, 8:10 alẹ́

Ọlọ́mi, kí ló dé tí o kò kó ogún èbù tó jiná lọ fún ọkùnrin yìí ní Àkúrẹ́, kó fún ọ ní bọ́kẹ́ẹ̀tì iyọ̀? Kò ní san owó bàlúù lórí wọn. Ìwọ náà kò ní jókòó máa dá àwọn tó ń béèrè "last price" lóhùn.

Oníṣọ́ọ̀bùẸja_Àkúrẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 8:26 alẹ́

Bí wọ́n bá jiná, tí n kò rí ọ̀pẹ kankan lára wọn, ogún fún bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, mo gbà. Kó kàn má tún ta zoa ní mẹ́rin níta.

Ọlọ́miIyọ̀_Adó · Ọjọ́bọ̀, 8:51 alẹ́

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló jiná lọ́wọ́ báyìí, ẹ jẹ́ kí ogún yín pé lóṣù tó ń bọ̀. Zoa orí márùn-ún di ₦7,000. Olú ₦2,500. Koríko ₦3,000, ìyẹn ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má bá mi jà lé lórí, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ kó lè rí i rà. Òun náà ló ń dárí jini jù nígbà tí ènìyàn ò bá tíì mọ̀ ọ́n ṣe.

DúdúÌkẹ́rẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 12:07 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ koríko mẹ́ta, olú méjì, zoa kan. Lítà 90 ni táǹkì mi. Ìkẹ́rẹ́ kò jìnnà, mo lè bá yín ní gáréèjì.

Ọlọ́miIyọ̀_Adó · Ọjọ́ Ẹtì, 12:30 ọ̀sán

Àbúrò, kí a tó dé orí owó: ó ti tó ìgbà wo tí omi ti wà nínú táǹkì yẹn? Kí ni o rí nígbà tí o wọn ammonia àti nitrite, májèlé inú táǹkì tuntun? Iyọ̀ ńkọ́?

DúdúÌkẹ́rẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 12:44 ọ̀sán

Ọ̀sẹ̀ méje. Òdo, òdo. Iyọ̀ 1.025.

Ọlọ́miIyọ̀_Adó · Ọjọ́ Ẹtì, 1:02 ọ̀sán

Ó dára, wá lọ́la. Gbé kúlà dání, má fi sẹ́yìn mọ́tò níbi tí oòrùn ń pa. Ọ̀rá méjì méjì ni màá fi di ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó o bá délé, jẹ́ kí ọ̀rá náà léfòó nínú táǹkì fún ogún ìṣẹ́jú kí omi méjèèjì lè gbóná bákan náà. Mú iyùn jáde, da omi inú ọ̀rá nù, má dà á sí táǹkì. Gbé zoa sísàlẹ̀ níbi tí iná kò ti le, kó o máa gbé e sókè bó bá ṣe ń mọ́ ọn lára. Kí koríko dá wà lórí òkúta tirẹ̀, jìnnà sí àwọn yòókù. Bí o bá gbé e sáàárín, ọdún tó ń bọ̀ ìwọ náà á máa bi wá níbí pé ta ni kí o tà á fún.

ỌmọÌjerò · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:19 ọ̀sán

Bàbá Ẹmùré, ẹ bá mi dáhùn èyí. Iyùn tí àbúrò mi fẹ́ so, ṣé òun náà jẹun rí?

BàbáẸmùré · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Bó bá jẹ́ ojúlówó, ó jẹun dáadáa. Egungun iyùn pupa ni, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti Òkun Mẹditaréníà wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tà á kiri báyìí, èyí tí àbúrò rẹ máa rà lè jẹ́ rọ́bà, ìyẹn kò sì jẹ nǹkan kan rí àfi owó yín.

DúdúÌkẹ́rẹ́ · Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, 8:40 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́mi, n kò mọ bí màá ṣe sọ èyí. Láti ọjọ́ Ajé ni zoa ti panu mọ́. Koríko kò yọ ìka kankan, awọ aláwọ̀ àlùkò lásán ló lẹ̀ mọ́ òkúta. Olú ti sún kì, ó dà bí bọ́tìnnì. ₦21,000 ni mo san. N kò ní ẹ lù mí ní jìbìtì o, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀.

ỌmọÌjerò · Ọjọ́bọ̀, 8:43 alẹ́

Háà. Ẹ dá owó ọmọ olówó padà!

Ọlọ́miIyọ̀_Adó · Ọjọ́bọ̀, 9:05 alẹ́

Dúdú, ó dára bó o ṣe sọ ọ́ ní gbangba. Àwọn tó ṣẹ́kù lórí pẹpẹ mi, ara òkúta kan náà la ti gé wọn, gbogbo wọn ṣí kalẹ̀ lọ́sàn-án òní. Ó ní láti jẹ́ nǹkan kan nínú omi rẹ. Ọyẹ́ ti fẹ́ gan-an lọ́sẹ̀ yìí. Ṣé omi rẹ ń lọ sílẹ̀? Kí ni o fi ń kún un?

DúdúÌkẹ́rẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 9:12 alẹ́

Ó ń lọ sílẹ̀ tó ìka méjì lójúmọ́. Àràárọ̀ ni mò ń po omi iyọ̀ tuntun, mò ń fi kún un. N kì í jẹ́ kó lọ sílẹ̀ rárá.

BàbáẸmùré · Ọjọ́bọ̀, 9:14 alẹ́

Ó ti já. Wọn iyọ̀ rẹ̀ báyìí, ọmọ mi.

DúdúÌkẹ́rẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 9:29 alẹ́

1.034. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

BàbáẸmùré · Ọjọ́bọ̀, 10:00 alẹ́

Kò sí ẹni tó lù ọ́ ní jìbìtì, ìwọ náà kò sì ya ọ̀lẹ. Aápọn ló pọ̀ jù. Omi ni ọyẹ́ ń gbé lọ, kì í gbé iyọ̀. Bí ìyá rẹ bá gbé ọbẹ̀ kaná tí omi rẹ̀ gbẹ jù, ṣé iyọ̀ ọbẹ̀ náà á dín ni? Á le sí i ni. Omi lásán ni ìyá rẹ ń bù sí i. Ìwọ wá ń bu omi oníyọ̀ sí ọbẹ̀ tó ti níyọ̀ jù tẹ́lẹ̀, lójoojúmọ́.

Má sọ ọ́ kalẹ̀ lójijì, ìyẹn náà ń pa wọ́n. Bu omi táǹkì kúrò díẹ̀, fi omi lásán rọ́pò rẹ̀, kí ó má ju 0.002 lọ lójúmọ́. Yóò gbà ọ́ tó ọjọ́ márùn-ún. Láti ìgbà yẹn lọ, fa ìlà sára gíláàsì, kí omi lásán máa dé ibẹ̀ láràárọ̀. Omi iyọ̀ tuntun, ọjọ́ tí o bá ń pààrọ̀ omi nìkan.

DúdúÌkẹ́rẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 10:11 alẹ́

Omi lásán wo? Ṣé pure water inú ọ̀rá ṣe é lò? Àbí ti kànga dẹ́rọ̀?

TíṣàÌkọ̀lé · Ọjọ́bọ̀, 10:25 alẹ́

Ti kànga dẹ́rọ̀ ní ohun àlùmọ́nì nínú, á máa fún ewédò tí a kò fẹ́ ní oúnjẹ. Ti òjò tó gba orí páànù kọjá, n kò ní fọkàn tán an. Àwọn iyùn kì í fẹ́ irin, bàbà ló sì ń yára pa wọ́n jù. Pure water, ó yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì. Ẹlòmíràn kàn ń sẹ́ ẹ ni. Ra ohun tí wọ́n fi ń wọn TDS, ìyẹn gbogbo ohun tó yọ́ sínú omi, kò wọ́n. Omi tó ti gba inú ẹ̀rọ asẹ́mi RO àti resin kọjá yóò kà á ní òdo tàbí kó súnmọ́ ọn. Ọlọ́mi ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílé. Bẹ̀ ẹ́ kó bù fún ọ ní kẹ́ẹ̀gì méjì.

ỌmọÌjerò · Ọjọ́bọ̀, 10:30 alẹ́

Ẹ lọ bu omi Ìkògòsì. Ó gbóná, ó tutù, ẹ pọ̀n ọ́n pọ̀.

Ọlọ́miIyọ̀_Adó · Ọjọ́bọ̀, 10:41 alẹ́

Dúdú, wá gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta, lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Èyí tó bá kú nínú wọn, màá fún ọ ní òmíràn. Kì í ṣe nítorí pé mo jẹ̀bi o. Mo bi ọ́ ní ọjọ́ orí táǹkì, mo bi ọ́ ní iyọ̀, n kò bi ọ́ ní ohun tí o fi ń kún un. Ìbéèrè yẹn ti wọ inú àwọn tí màá máa bi gbogbo ènìyàn. Fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn: ọjọ́ mẹ́ta ni màá máa fi ọwọ́ sọ̀yà, pẹ̀lú fọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn, iyùn ti di tiyín.

ỌmọỌ̀yẹ́_Kútọnu · Ọjọ́ Àìkú, 11:20 àárọ̀

Ẹ kú ilé o. Kútọnu ni mò ń gbé, ọmọ Ọ̀yẹ́ ni bàbá mi. Duncan àti montipora yẹn wù mí. Mo ní ẹnì kan tó ń wa ọkọ̀ gba Sẹ̀mẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ di í dáadáa, ẹ kọ "ẹja" sára kúlà, kò sẹ́ni tó máa tú u.

TíṣàÌkọ̀lé · Ọjọ́ Àìkú, 2:02 ọ̀sán

Ọlọ́mi, má ṣe é. Gbogbo iyùn olókùúta, duncan, montipora, acropora, ló wà nínú àkọsílẹ̀ kejì CITES, ìyẹn àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ sí ní Washington ní 1973 lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó. Nàìjíríà ti wọ̀ ọ́ láti 1974. Kò ka pé inú ilé lo ti hù ú. Kó tó kọjá bọ́dà, ó ní láti ní ìwé àṣẹ, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká ni wọ́n sì ti ń béèrè rẹ̀. Adó sí Ìkẹ́rẹ́, Adó sí Àkúrẹ́, kò kan CITES. Zoa, olú, koríko, apàtẹ́wọ́ kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà, àmọ́ ohun ẹlẹ́mìí ni wọ́n, aṣọ́bodè kò ní fi ẹ̀rín gbà wọ́n. Kí a tún wá kọ "ẹja" sí i? Ìyẹn ti kúrò ní ìgbafẹ́.

Ọlọ́miIyọ̀_Adó · Ọjọ́ Àìkú, 3:15 ọ̀sán

Ọmọ Ọ̀yẹ́, bó o bá wálé ọdún, yà sọ́dọ̀ mi, wá wò wọ́n. Ní ti Sẹ̀mẹ̀, rárá.

DúdúÌkẹ́rẹ́ · Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹta, 5:37 ìrọ̀lẹ́

1.025! Zoa mẹ́rin nínú márùn-ún ti ṣí. Koríko ti yọ ìka, kò gùn bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti yọ. Olú ti tóbi ju bí mo ṣe rà á lọ. Ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́, ẹ má wulẹ̀ pààrọ̀ èyí tó kù. Ìyá mi ti wá ń wo ìlà ara gíláàsì bá mi láràárọ̀. Wọ́n ní àwọn ló ni ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yẹn.

Ìyá_Ìbejì_Òkèyinmi · Ọjọ́rú, 7:20 alẹ́

Sà, mo rí zoa kan nínú fọ́tò yín, àárín rẹ̀ pupa, etí rẹ̀ búlúù. Mo ti pinnu pé màá ṣe táǹkì omi iyọ̀ kékeré fún àwọn ọmọ. Èló nìyẹn?

Ọlọ́miIyọ̀_Adó · Ọjọ́rú, 7:58 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyẹn nìkan ni n kò tà. Kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Èkìtì, mo fẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sí i. Tó bá di pé gbogbo ènìyàn ní i, kò ní níye lórí mọ́.

BàbáẸmùré · Ọjọ́rú, 9:33 alẹ́

Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní zoa kan tí mo gbé bọ̀ láti òkè òkun, n kò gé e fún ẹnikẹ́ni. Bí àlejò bá dé, màá gbé àga síwájú táǹkì kí wọ́n lè jókòó wò ó. Ẹnì kan ṣoṣo ló rí i gbà, ọmọkùnrin kan láti Ìdó tó bá mi gbé táǹkì wọlé lọ́jọ́ tí mo kó dé. Orí méjì tó já bọ́ ni mo fún un, mo rò pé yóò kú sọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá ìyàwó mi kú, a lọ sìnkú ní Òmùò. Inverter jó lálẹ́ ọjọ́ tí a lọ. Omi tí kò yí kì í ní afẹ́fẹ́. Ẹja ló kọ́kọ́ kú, òkú ẹja ba omi jẹ́, omi náà pa ìyókù. Ọjọ́ mẹ́ta la lò. Láti ẹnu géètì ni òórùn ti pàdé wa. Ìyàwó mi tó ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ ló tún ń bá mi gbá omi. Zoa yẹn ti di ikun. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì, èyí tó ń tan ara rẹ̀ bí iná bá lọ, ì bá gbà wọ́n. N kò rà á nítorí pé mo ti ra inverter.

Ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó lè wo gíláàsì yẹn. Ọmọkùnrin Ìdó ló pè mí. Ó ní orí méjì yẹn ti di bí ogójì. Ó gbé mẹ́wàá wá fún mi nínú kúlà ìyá oníyògọ́ọ̀tì kan. Mo bi í pé èló, ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó." Gbogbo èyí tí ẹ ń rí nínú fọ́tò mi lónìí, inú mẹ́wàá yẹn ló ti wá. Bó bá jẹ́ pé mo rántí gba orí méjì yẹn padà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, mà bá ti gbà á, ahun ni mí nígbà náà.

Oníṣọ́ọ̀bùẸja_Àkúrẹ́ · Ọjọ́rú, 9:50 alẹ́

Pọ́ǹpù oníbátìrì yẹn wà ní ṣọ́ọ̀bù o. N kò polówó, mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ọlọ́miIyọ̀_Adó · Ọjọ́bọ̀, 6:30 àárọ̀

Mo ka ti Bàbá lóru, mo dìde lọ tan iná wo zoa yẹn. Orí mẹ́rìnlá ni. Mo gé mẹ́fà láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú awò lójú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: méjì fún Dúdú, méjì fún Tíṣà, méjì tí màá tọ́jú de Ìyá Ìbejì títí táǹkì wọn yóò fi gbó. N kò gba owó rẹ̀. Ẹ kàn má jẹ́ kó kú.

Àwọn tó jiná tó sì kù fún títà: koríko mẹ́rin, olú mẹ́fà, apàtẹ́wọ́ méjì. Ti Àkúrẹ́ lọ ní tirẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ bí a ṣe sọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́wàá sí méjìlá, mo wà nílé. Ẹ gbé kúlà dání, ẹ ya fọ́tò ohun tí ẹ fi ń wọn iyọ̀ wá.

Ìyàwó_Ọlọ́mi · Ọjọ́bọ̀, 1:12 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o, gbogbo ilé. Èmi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, èmi ni kí ẹ kó owó fún, àkáǹtì mi wà lára ògiri níbi tí bọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ sì bá mi bi Ẹ̀gbọ́n Àkúrẹ́: iyọ̀ tó fi ránṣẹ́ lánàá láti fi di àdéhùn mú, ẹyọ kan ni ọkọ mi sọ fún mi. Méjì ni mo kà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Oníṣọ́ọ̀bùẸja_Àkúrẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 1:20 ọ̀sán

Mà, èmi ò sí níbí.